Ìdì Okùn Kẹta Tó Ń Jí Àpò Gbé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá

Wọ́n ti dá ọjọ́. Ọ̀gá tó ń darí ìwádìí mi pè mí sí ọ́fíìsì wọn ní aago mẹ́wàá, wọn ò tiẹ̀ ní kí n jókòó. Wọ́n ní, "Ọjọ́ kẹẹ̀dógún oṣù tó ń bọ̀ ni àwọn olùdánwò mẹ́ta ń bọ̀. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀rọ rẹ á fi ṣiṣẹ́ lójú wọn. Àpò ọ̀rọ̀ kan péré tí ẹ̀rọ rẹ ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ò gbọdọ̀ sọnù lójú ọ̀nà." Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Kí ni ǹ bá tún sọ? Ọdún keje mi rèé lẹ́nu ìwádìí oyè dókítà yìí, oṣù mẹ́rin ló kù kó parí, ilé ìwé wa kì í sì í fún ẹnikẹ́ni ní ọdún kẹjọ. Bí àpò kan péré bá sọnù lọ́jọ́ náà, mo di ẹrù mi nìyẹn, bí ẹni tí kò wá rí.

Ìwé tí mo kọ ti wà lọ́wọ́ àwọn olùdánwò láti oṣù tó kọjá, orí mẹ́fà. Ìyẹn ò dà mí láàmú. Ẹ̀rọ ni ò jẹ́ kí n gbádùn.

Òjò rọ̀ láti àárọ̀. Mo rìn wálé nínú rẹ̀, n ò sì mọ̀ pé mo ti rin gbingbin àfìgbà tí ọkọ mi ṣílẹ̀kùn tó ní, "Ṣé odò lo ti ń bọ̀ ni?"

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Mẹ́ta nínú mílíọ̀nù kan. Iye àpò tó sọnù láàárín wákàtí méjì nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀ á ní mẹ́ta péré. Lójú tèmi, ọ̀fọ̀ ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì gba ìdì okùn dígí kẹta, nínú mẹ́rin tó wà lára ẹ̀rọ mi, kọjá kí wọ́n tó pòórá. Wọ́n ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Èmi mọ èyí tí inú ń run nínú ìdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. N ò kàn mọ ohun tó jẹ ni.

Mo wo Ọlọ́pàá láti òkè dé ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ètò kọ̀ńpútà tí mo kọ, òun ló ń sọ fún àpò kọ̀ọ̀kan ìgbà tó máa kọjá àti ọ̀nà tó máa gbà. N ò rí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Mo wá ṣe ohun tí mo máa ń ṣe: mo yọ ẹnu okùn kẹta, mo gé e, mo nù ún, mo so ó padà. Ẹyọ eruku kan lẹ́nu okùn dígí tó láti da ìmọ́lẹ̀ rú, ọwọ́ mi sì mọ́ tó bá di ká gé okùn.

Bàbá Okùn ń wò mí láti ìdí tábìlì tiwọn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti fi ń so okùn dígí, èmi sì ni wọ́n sọ ní Dókítà Ó-Kù-Díẹ̀. Wọ́n ní, "Dókítà Ó-Kù-Díẹ̀, ṣé o ò ní jẹ́ kí okùn yẹn sinmi?"

Mo fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Mọ́kànlá. Mo tún gé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Ìyá mi pè. Aládùúgbò kan bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe gan-an, wọ́n sì ní mò ń ta iná.

"Màámi, n ò ta iná o!"

"Kí wá ni kí n máa sọ? Ọdún keje rèé."

Mo jókòó, mo fara balẹ̀. Mo ní, "Ẹ gbọ́. Ohun tí ẹ bá fi fóònù ránṣẹ́, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á dì í ní àpò àpò, ìmọ́lẹ̀ á sì gbé e gba inú okùn dígí lọ. Ibi tí àwọn okùn yẹn ti pàdé, bí ìkóríta, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ mi wà. Bí àpò méjì bá fẹ́ gba ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró."

"Kó dúró nìyẹn."

"Ìmọ́lẹ̀ kì í dúró, Màámi. Kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé ká ní kó lọ rìn yí ká nínú ìdì okùn gígùn kan. Kó tó dé, èkejì á ti kọjá."

Wọ́n wá ní, "Ó yé mi. Bí ìgbà tí mo bá rán ẹ níṣẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò torí pé mo fẹ́ bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ tí n ò fẹ́ kó o gbọ́."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Màámi."

"Bó bá wá tètè dé kí ọ̀rọ̀ tó tán ńkọ́?"

"Kò lè tètè dé. Mo ti wọn okùn náà."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ẹ̀rọ amúlétutù yàrá iṣẹ́ kú pátápátá. Yàrá gbóná bí inú ààrò, àpò mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló sì sọnù nínú mílíọ̀nù kan. Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀, torí mo ti sọ ọ́ nínú orí kẹrin ìwé mi: ooru ló ń ba ìdì kẹta jẹ́. Ojú ìwé mẹ́rìnlélógún gbáko ni mo fi sọ ọ́, mo ya àwòrán sí i.

Ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní ó di Ẹtì. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ Ẹtì. Ó ní, "Mà, Ẹtì ni Ẹtì." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú ní bàtà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ láti Ẹtì tó kọjá. Yàrá tutù débi pé Bàbá Okùn wọ súẹ́tà, èmi náà wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra. Àpò tó sọnù lónìí: ogójì.

Bí ooru bá lọ tí àìsàn ò lọ, kì í ṣe ooru ló ń ṣe aláìsàn. N ò tíì sọ ọ́ jáde lẹ́nu fún ẹnikẹ́ni. Ibí yìí nìkan ni mo kọ ọ́ sí.

Ọ̀gá wọlé, wọ́n wo iye náà lójú ẹ̀rọ, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn. "Fẹ àlàfo lójú."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mítà mẹ́rin ni ìmọ́lẹ̀ ń rìn láàárín ìdí àpò kan àti orí èkejì. Sọ ọ́ di mẹ́jọ. Wọn ò ní kọ lu ara wọn mọ́."

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ àlàfo lójú, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí mo ṣèlérí nínú ìwé ni ẹ̀rọ á máa gbé, ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n ń lò níta sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló máa fún mi ní oyè torí pé mo ṣe ohun tó lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀? Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, mo gé okùn kẹta, mo sì tún un gé nígbà tó di ọ̀sán.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ẹnu mi! Ẹnu mi yìí ló máa pa mí.

Àpò mọ́kànléláàádọ́ta. Mo dìde nídìí ẹ̀rọ, inú ń bí mi, n kò sì rí ẹni tí mo máa bínú sí. Bàbá Okùn ń nu ẹ̀rọ ìsokùn wọn jẹ́ẹ́jẹ́ wọn. Akọ̀wé láti ọ́fíìsì ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀, ó wá gba ìwé. Lójú rẹ̀ ni mo ti ní, "Bàbá, bóyá ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n ni. Gbogbo ibi tí ẹ so nínú ìdì kẹta yẹn, n ò rò pé ó dáa."

Bàbá Okùn pa àpótí wọn dé, wọ́n sì rọra tì í. "Ó yé mi," wọ́n sọ. Wọ́n mú súẹ́tà wọn, wọ́n lọ.

Akọ̀wé wò mí bí ẹni tó rí olè. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Ìyá mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ o.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Bàbá Okùn ò wá lánàá, wọn ò wá lónìí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ẹyin tún ti gbówó lórí. Ọkọ mi ní ká máa fi ojú jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá

Mo lọ sílé Bàbá Okùn lọ́sàn-án. Ìyàwó wọn ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ nìyẹn?" Mo ní, "Èmi náà ni, mà." Wọ́n ní kí n wọlé, ṣùgbọ́n wọn ò kí mi káàbọ̀.

Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí. Ìbẹ̀rù ọjọ́ kẹẹ̀dógún ló ń fi mí ṣe bó ṣe wù ú. Mo ṣẹ̀ yín, mo sì tún ṣe é lójú èèyàn."

"Dìde."

N ò dìde.

"Mo ní kó o dìde, orúnkún rẹ á dùn ẹ́." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ṣé o mọ ohun tó dùn mí jù? Mo wá sílé, mo na ọwọ́ mi méjèèjì síwájú, mò ń wò wọ́n bóyá wọ́n ń gbọ̀n lóòótọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ló mú mi ṣe bẹ́ẹ̀."

Ẹkún gbọ̀n mí.

Wọ́n jẹ́ kí n sunkún tán. Wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan, ohùn wọn ti yí padà sí ti ibi iṣẹ́. "Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti gé okùn kẹta yẹn?"

"Bóyá mẹ́wàá, Bàbá. Tàbí méjìlá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Ká pàdé lọ́jọ́ Ajé."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún

Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí. Tèmi, kì í ṣe ti Bàbá.

Àgékù okùn dígí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jù sílẹ̀. Ó máa ń wọ ẹsẹ̀, ó máa ń wọ ojú, ènìyàn kì í sì í rí i. Inú ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdì kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wa ń sọ ọ́ sí. Ohun tí n ò mọ̀ ni pé Bàbá Okùn kì í da ohun tó wà nínú wọn nù, wọ́n sì lẹ nọ́ńbà mọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan lára. Ìgò ìdì kìíní, ìkejì àti ìkẹrin ò kún dé ìdajì ìka. Ìgò ìdì kẹta kún dé ọrùn.

Wọ́n tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì. Wọ́n fún mi ní ẹ̀mú kékeré, àwọn náà mú ọ̀kan. A ń to àgékù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń kà á. Àwọn kan ò gùn ju èékánná lọ.

"Tèmi nìyí," Bàbá sọ. Márùn-ún péré ni irú wọn.

Èyí tó kù gùn tó ìka àárín mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ń tò wọ́n, ojú ń tì mí sí i. Nígbà tí a kà á tán, ọgọ́ta ó lé ọ̀kan ni tèmi. Mọ́kànlélọ́gọ́ta! A sọ gbogbo gígùn wọn pọ̀, díẹ̀ ló kù kó pé mítà márùn-ún.

Bàbá ní, "Ènìyàn máa ń gé ẹnu okùn bí ẹni gé èékánná. Ìwọ ń gé e bí ẹni gé ìrèké."

Ẹgbẹ̀ta mítà ni mo sọ fún Ọlọ́pàá lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn pé ìdì kẹta gùn. Ọlọ́pàá gbà mí gbọ́, kò yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ìdì ti kúrú tó mítà márùn-ún, àlàfo tí mo fi sílẹ̀ ò sì ju mítà mẹ́rin lọ. Àpò tó bá lọ rìn yí ká ń tètè dé, ó sì ń kọ lu ìdí èyí tó wà níwájú. Mo rí i pé àpò ń sọnù, mo gé okùn. Mo gé okùn, àpò sọnù sí i. Àfọwọ́fà ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo fi orí lé tábìlì. Bàbá Okùn fi ọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n ní kí n dìde, kí n má fi irun nu dígí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà

A fi ìmọ́lẹ̀ wọn ìdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta. Mo sọ gígùn tòótọ́ fún Ọlọ́pàá. Aago mọ́kànlá la tan ẹ̀rọ. Aago kan: òdo. Aago mẹ́ta: òdo. Aago márùn-ún: òdo!

Mo pariwo débi pé àwọn ará yàrá kejì wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá Okùn ń jó níjókòó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ

Ayọ̀ mi ò ju ọjọ́ kan lọ. Ní ilé ìwẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti já lù mí, ọṣẹ ṣì wà lójú mi. Orí kẹrin! Ojú ìwé mẹ́rìnlélógún tó ń di ẹ̀bi ru ooru, ó wà lọ́wọ́ olùdánwò mẹ́ta, irọ́ sì ni. N ò mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ báyìí.

Mo sọ fún Ọ̀gá. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. "Ta ló tún mọ̀?"

"Bàbá Okùn, mà."

"Bàbá Okùn ò ní sọ. Gbọ́ mi dáadáa. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń bọ̀ wá wò. Bí ẹ̀rọ bá yege, wọ́n á fọwọ́ sí i, o di dókítà. Bó o bá fẹnu ara rẹ sọ fún wọn pé orí kan nínú ìwé rẹ ò tọ̀nà, wọ́n lè dá gbogbo ẹ̀ padà. Ọdún kẹjọ ò sí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìdààmú ọdún méje mi, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n bá mi rù.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá

Ẹ̀rọ ò já àpò kan sílẹ̀ láti ọjọ́ márùn-ún. N ò lè jẹun.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi níbi tó ti ń lọ aṣọ ilé ìwé ọmọ. Tíṣà ni, ó máa ń bi ènìyàn ní ìbéèrè dípò kó dáhùn. Ó ní, "Bí wọn ò bá mọ̀, tí wọ́n fún ẹ ní oyè, kí ni ìwọ á máa ṣe bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ ka orí kẹrin?"

Mo ní, "Máa lọ aṣọ rẹ."

"Mò ń lọ̀ ọ́."

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a."

"Mo mọ òwe yẹn kí n tó mọ̀ ẹ́!" Mo fìbínú jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo kọ ọ́ síbí kó lè dá mi lójú: ẹ̀rù ń bà mí gidigidi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀dógún

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n dé. Obìnrin kan, ọkùnrin méjì. Èyí tó dàgbà jù, onírùngbọ̀n funfun, di ìwé mi mú lábẹ́ abíyá, ó ti fi bébà pélébé sí ojú ìwé kan. Mo wo ibi tí bébà yẹn wà. Ó jọ àárín ìwé.

A tan ẹ̀rọ. Aago mẹ́wàá, òdo. Aago méjìlá, wọ́n ní ká da ẹrù sí i lórí títí gbogbo ọ̀nà fi kún. Mo rí i tí Ọlọ́pàá ń rán àpò lọ sí ìdì kẹta léraléra, mo di etí tábìlì mú. Òdo. Ọ̀gá jókòó sẹ́yìn, wọ́n gbá báàgì wọn mọ́ra bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì. Bàbá Okùn dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé, àní akọ̀wé. Aago mẹ́ta, òdo. Aago mẹ́ta àbọ̀, òdo.

Aago mẹ́rin lù. Òdo.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọ̀gá ti ń nu ojú. Onírùngbọ̀n nìkan ni ò pàtẹ́wọ́, ó ń ṣí ìwé síbi tí bébà rẹ̀ wà. Ọ̀gá wò mí, wọ́n mi orí díẹ̀ báyìí: má ṣe é.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sọ ohunkóhun, orí kẹrin ìwé mi ò tọ̀nà."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo gbé ìgò kẹta wá, mo gbé e síwájú wọn, mo sọ iye rẹ̀ àti ọwọ́ tó gé e.

Onírùngbọ̀n gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó wá mú bébà pélébé inú ìwé, ó nà án sí mi. Ìlà méjì ló kọ síbẹ̀: *Ooru máa ń fa okùn gùn ni. Nínú àwòrán rẹ, kí ló dé tí àpò fi ń tètè dé?*

"Ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo gbé wá láti ilé nìyẹn," ó sọ. "Mo ti ń retí bó o ṣe máa dáhùn rẹ̀ láti àárọ̀. Ká ní èmi ni mo bi ẹ́, tó o wá ń wá ohun tó o máa sọ, ẹ̀rọ yìí ì bá ṣiṣẹ́ dé ọ̀la, n ò ní fọwọ́ sí i."

Wọ́n ní ká bọ́ síta. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ọ̀gá di ọwọ́ mi mú, tiwọn tutù ju tèmi lọ. Ogún ìṣẹ́jú la fi dúró. Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, obìnrin náà ló sọ̀rọ̀: ẹ̀rọ yege, ìwé ò tíì yege. Kí n tún orí kẹrin kọ láàárín oṣù mẹ́ta, kí ọdún keje tó parí. Tí wọ́n bá gbà á, mo di dókítà.

Mo dé ilé, mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, bàtà ò kúrò lẹ́sẹ̀ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo bẹ̀rẹ̀ orí kẹrin lónìí. Mo ka gbólóhùn àkọ́kọ́ sí Bàbá Okùn létí: "Ìwádìí fi hàn pé okùn náà ti kúrú díẹ̀ nítorí àtúnṣe tó ń wáyé lóòrèkóòrè."

Wọ́n ní, "Ta ló ń ṣe àtúnṣe?"

Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ: "Èmi tí mo kọ ìwé yìí ni mo gé okùn náà kúrú ní ìgbà mọ́kànlélọ́gọ́ta, mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ooru."

Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ní, "Ooru nìkan kọ́."

Ojú mi wálẹ̀. Mo gbé bírò, mo fi kún un: "àti ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé e."